Ìwé Owó-Orí Ẹlẹ́yìn Awọ

Ọmọbìnrin náà ń rán abala kẹfà ìwé mọ́ ìkarùn-ún lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Kò gbójú sókè. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wọ ihò, ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bàbá wọn ló ṣe òfin náà, kò sì tíì sí ẹni tó pa á rẹ́. Ó fa òwú tó ti fi ìda pa kọjá, ó ta kókó, ó fi eyín gé e, ó sì nawọ́ sí abala keje.

"Àbúrò, o ò tíì ṣe tán?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Bùọ̀dá ni gbogbo ilé ń pè é. Kò dúró gbọ́ èsì. Ìdí ẹ̀rọ agéwèé ló gbà lọ tààrà, irin ńlá tó dúró ní igun, tó wúwo débi pé ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé e wọlé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Ó na okùn ìwọ̀n láti orí rẹ̀ dé ilẹ̀, ó sì ń sọ nọ́ńbà sínú.

"Kí lẹ ń wọ̀n níbẹ̀ yẹn?"

"Ta ló ń wọn nǹkan?"

"Okùn ìwọ̀n wà lọ́wọ́ yín, Bùọ̀dá."

"Ó kàn wà lọ́wọ́ mi ni. Ṣé okùn ò lè wà lọ́wọ́ èèyàn mọ́ ni?" Ó kọ nọ́ńbà kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Aago mélòó ni wọ́n ń ti ọ́fíìsì owó-orí?"

"Aago mẹ́rin."

"Aago mẹ́rin òní?"

"Òní náà ni. Ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Bùọ̀dá mọ̀ ọ́n dáadáa. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ ọ́n. Ní oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí àìsàn kọ́kọ́ kan Bàbá lára, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè di kálàmù mú nígbà náà. Ó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ aṣojú, ìwé tó sọ pé ọmọbìnrin rẹ̀ yìí ni yóò máa fọwọ́ síwèé, tí yóò máa san owó, tí yóò sì máa sọ̀rọ̀ lórúkọ òun ní ọ́fíìsì yòówù kó jẹ́, bí òun kò bá lè ṣe é mọ́. Kóòtù lu òǹtẹ̀ pupa roboto sí etí ìwé náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi wọlé dé tìlù-tìfọn. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá lọ àfi mẹ́ta péré: "Tún un ṣe."

Kò ya ẹnikẹ́ni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́nu. Ogójì ọdún ó lé ni Bàbá fi ṣe iṣẹ́ aránwèé, tó ń rán ìwé àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ti ilé ẹjọ́, tó ń fi páálí àti awọ sí wọn lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tó sì sọ jù láàárín ogójì ọdún náà nìyẹn. Ó dà bí ẹni pé àrùn náà gbìyànjú láti kó o mọ́ ìyókù, tó rí i pé kò ṣeé fà tu.

Inú bí Bùọ̀dá pé wọ́n fo òun àkọ́bí dá, wọ́n gbé àṣẹ fún àbúrò. Ó pariwo títí ẹbí fi pé jọ. Wọ́n dá a báyìí pé: kí ọmọbìnrin náà kọ fọ́ọ̀mù owó-orí Bàbá ti ọdún yìí, kí ó sì mú un dé ọ́fíìsì kí wọ́n tó tilẹ̀kùn lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá gbà á, àṣẹ di tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún gbé ọ̀rọ̀ náà wá mọ́. Bí wọn kò bá gbà á, kí gbogbo wọn padà sí kóòtù, kí àṣẹ bọ́ sọ́wọ́ Bùọ̀dá. Bùọ̀dá sì ti bá onírin àlòkù sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ agéwèé. Láìsí ẹ̀rọ yẹn, ṣọ́ọ̀bù á di yàrá lásán. Ọmọbìnrin náà á lọ wá iṣẹ́ oṣù sí ibòmíràn, Bàbá á sì máa dá jókòó nínú ilé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ọjọ́ ìkẹyìn ló ń rán an? Ọ̀lẹ kọ́. Ó ti kọ fọ́ọ̀mù náà parí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Rísíìtì dókítà kò dín, rísíìtì oògùn kò dín, àdéhùn ẹni tó rẹ́ǹtì yàrá iwájú wà níbẹ̀. Ibi tí nǹkan ti dojú rú ni pé nínú ilé yẹn, wọn kì í fi ìwé sílẹ̀ láìrán. Bí ìwé iná bá dé, wọ́n á rán an mọ́ ti oṣù tó kọjá. Káàdì ilé ìwòsàn gan-an ní èèpo páálí. Nítorí náà ó rán fọ́ọ̀mù owó-orí, ó fi awọ sí i lẹ́yìn, ó gbé e fún Bàbá wò. Bàbá fi ọwọ́ òsì yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn, ó ní, "Tún un ṣe." Ó tú u, ó tún un ṣe. Bàbá ní, "Tún un ṣe." Ó mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu Bàbá. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé omi fún un mu, ohun tí yóò sọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkùnrin yẹn bá ti kọ́ níṣẹ́, etí rẹ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kí ọwọ́ rẹ̀ máa sinmi. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé.

Nígbà tó rán abala keje tán, ó fi gọ́ọ̀mù pa ẹ̀yìn ìwé, ó dúró kí ó gbẹ, ó sì ní kí Bùọ̀dá jọ̀ọ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ó ki ìwé bọ abẹ́ abẹ, ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: etí òkè, etí ìsàlẹ̀, etí iwájú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dán bí ojú dígí. Ó ṣa àwọn àgékù tó já bọ́, ó kì wọ́n sínú tìmùtìmù Bàbá, ó sì rán ẹnu rẹ̀ padà, nítorí àga onítáyà máa ń dun Bàbá nídìí, àgékù ìwé sì rọ̀, wọn kì í tà á. Lẹ́yìn náà ló fi páálí àti awọ bo ìwé, ó wá fi yíǹkì wúrà kọ àkọlé sí i.

"Wúrà?" ni Bùọ̀dá wí. "Sára fọ́ọ̀mù owó-orí?"

"Díẹ̀ ló kù nínú ìgò. Ṣé kí ó gbẹ dànù ni?"

Lẹ́tà ọ́fíìsì ti sọ pé ẹni tí wọ́n ń ṣojú fún gbọ́dọ̀ fara hàn bí ó bá lè jókòó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wá gba ojú títì: Bàbá lórí àga onítáyà pẹ̀lú ìwé owó-orí lórí itan, ọmọbìnrin ń tì í, Bùọ̀dá wà níwájú, ó ń fi ọwọ́ lé àwọn èèyàn kúrò lọ́nà bí ẹni pé òun ló ni ìrìn náà. Ojú ara rẹ̀ ló fẹ́ fi rí i bí yóò ṣe bàjẹ́.

Gbọ̀ngàn ọ́fíìsì kún. Bẹ́ǹṣì onígi tò ní ìlà mẹ́rin, fáànù kan ń lọ́ yí lókè, aago ńlá wà lára ògiri. Obìnrin tó wà nídìí káńtà, Ìyá Òǹtẹ̀ ni àwọn tó wà lórí ìlà ń pè é, nítorí kì í gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Òun ló fi ń nàka, òun ló fi ń họ orí. Déètì ọjọ́ náà sì hàn ketekete ní ẹ̀bá etí rẹ̀ ní yíǹkì búlúù.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún ló kàn wọ́n.

"Kí nìyí?" ni Ìyá Òǹtẹ̀ bèèrè.

"Fọ́ọ̀mù owó-orí bàbá mi ni, mà. Èmi ni aṣojú wọn. Ìwé àṣẹ mi wà ní orí kejì."

"Orí kejì?" Ó ṣí i. "Fọ́ọ̀mù ní orí? Ó tún ní atọ́ka!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo fi ríbọ́ọ̀nù sí i kí ojú ewé má baà sọnù mọ́ yín lọ́wọ́."

"Èmi rò pé Bíbélì lẹ gbé wá tí ẹ fẹ́ fi búra ni." Ó fi òǹtẹ̀ nàka sí pátákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ bá mi ka ìyẹn sókè."

Ó kà á: "Ẹ mú ìwé yín wá ní ewé kọ̀ọ̀kan. A kò gba èyí tí a so, tí a kàn, tàbí tí a rán."

"Áà, ó mà ṣe o," ni Bùọ̀dá wí, ẹ̀rín ń yọ lẹ́nu rẹ̀. "Àbúrò, má bínú. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ọmọbìnrin náà fa abẹ kékeré kan yọ nínú báàgì, ó ṣí ìwé náà sẹ́yìn, ó sì gé òwú rẹ̀ kókó kan lẹ́yìn èkejì. Ohun tí ó fi òwúrọ̀ mẹ́rin rán, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tó fi tú u. Ó ká òwú náà mọ́ ìka, ó fi sápò. Ìyá Òǹtẹ̀ ka ewé rẹ̀ títí, ó ní ó pé.

"Ó ku kí n bi Bàbá ní ìbéèrè. Òfin ni. Ẹ káàsán o, Bàbá. Ṣé ọmọ yín nìyí?"

"Tún un ṣe," ni Bàbá wí.

Ìyá Òǹtẹ̀ gbé ohùn sókè díẹ̀. "Mo ní, ṣé ọmọ yín nìyí?"

"Tún un ṣe."

"ṢÉ ỌMỌ YÍN NÌYÍ?"

Onígbàjámọ̀ kan tó wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú, tí àgékù irun ẹni tó gẹ̀ kẹ́yìn ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ní, "Màmá, ó jọ pé ọmọ náà ò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní kí ẹ lọ tún un bí."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé. Ìyá Òǹtẹ̀ ronú, ó fi òǹtẹ̀ họ orí, ó wá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé: Bàbá wá, Bàbá sọ̀rọ̀. Ó ṣí ewé tó kàn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Níbo ni ìdajì yòókù wà?"

"Ìdajì kí ni, mà?"

"Òǹtẹ̀ kóòtù."

Ó wò ó. Òǹtẹ̀ pupa tó jẹ́ roboto tẹ́lẹ̀ ti di ìdajì, ibi tó ti gé sì gún régé bí ẹni fi rúlà fà á. Etí iwájú ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fa abẹ ẹ̀rọ wálẹ̀ lé e lórí, ìgbà mẹ́ta tó kọ́kọ́ rán an ló ti gé e gẹ́rẹ́gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ láìkàn án. Ti ẹ̀ẹ̀kẹrin yìí ló wọ inú rẹ̀.

"Mi ò lè gba ìdajì òǹtẹ̀," ni Ìyá Òǹtẹ̀ wí. "Bí òǹtẹ̀ bá jẹ́ ìdajì, ìdajì aṣojú lẹ jẹ́ nìyẹn. Ìdajì wo nínú yín wá ni kí n gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, ti òkè àbí ti ìsàlẹ̀?"

Lẹ́yìn wọn, Bùọ̀dá ti gbé fóònù sétí. "Ẹ lè máa gbé ọkọ̀ bọ̀," ló ń sọ fún onírin àlòkù. "Ọkọ̀ ńlá ni o. Mo ti wọ̀n ọ́n."

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Mo mọ ibi tí ìdajì yòókù wà, mà," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Níbo?"

"Bàbá ló jókòó lé e."

Ó tó ìṣẹ́jú kan kí gbogbo èèyàn tó lóye. Onígbàjámọ̀ di Bàbá mú lápá kan, ọmọbìnrin di apá kejì, wọ́n gbé e sókè díẹ̀, wọ́n yọ tìmùtìmù, wọ́n sì fi súwẹ́tà ọmọbìnrin náà rọ́pò. Ọmọbìnrin náà wá jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹnu tìmùtìmù ní kókó kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ fà á ya!" ni onígbàjámọ̀ kígbe.

"Òwú tó dára ni."

"Aago ń lọ o!" ni Ìyá Òǹtẹ̀ wí.

"Òwú tó dára ni, mà. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú u tán."

Bí ẹnu tìmùtìmù ti ṣí, ó dà á sílẹ̀. Fáànù rí ohun tí yóò fi ṣeré. Àgékù oṣù mẹ́sàn-án fò sókè, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, funfun, búlúù, pupa, wọ́n bọ́ sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n bọ́ sínú báàgì àwọn èèyàn, ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ètè Ìyá Òǹtẹ̀.

"Ẹ pa fáànù!" Wọ́n pa á. Onígbàjámọ̀ ti kúnlẹ̀, ó ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá. "Pupa là ń wá! Ẹni tó bá ti rí pupa, kó sọ̀rọ̀! Ẹ má tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀!"

Gbogbo ìlà rọ̀ sílẹ̀ lórí eékún. Ẹni kan rí pupa, etí ìwé orin ni. Ẹni kejì rí pupa, káàdì ìgbéyàwó ni. Obìnrin kan ń ka èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè: "'Olólùfẹ́ mi ọ̀wọ́n, láti ọjọ́ tí mo ti…' Ó gé síbẹ̀ o! Láti ọjọ́ tí ó ti kí ni?"

"Ẹ wá ìyókù!" ni ẹlòmíràn wí láti abẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Òǹtẹ̀ là ń wá, kì í ṣe olólùfẹ́!" ni onígbàjámọ̀ bú mọ́ wọn.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ti yẹ gbogbo ilẹ̀ wò. Ọmọbìnrin náà dìde, eékún rẹ̀ ń dùn ún, ó sì wo yíká gbọ̀ngàn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ń wá àṣìṣe lójú ewé. Ohun kan ṣoṣo ni kò bá ara mu níbẹ̀: Bùọ̀dá dúró jẹ́ẹ́. Bùọ̀dá, tí kò lè dúró lójú kan kí ó mu omi tán, ló dúró ṣinṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà bí òpó.

"Bùọ̀dá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Méjèèjì."

"Kí n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì? Ṣé ẹyẹ ni mí?"

"Ẹ gbé e níkọ̀ọ̀kan."

Ó gbé ti òsì, ó mì í káàkiri kí gbogbo èèyàn rí i. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó gbé ti ọ̀tún, ṣùgbọ́n kí ojú tó kàn án ó ti sọ ọ́ kalẹ̀. "Ẹ rí i bí? Kò sí nǹkan kan."

"Tún un ṣe," ni Bàbá wí láti orí àga.

Bùọ̀dá wo Bàbá. Ọdún méjì àti ààbọ̀ ló fi kọ́ iṣẹ́ ìwé rírán lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí kó tó sá lọ, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló sì lé e lọ.

"Tún un ṣe!" ni onígbàjámọ̀ wí.

"Tún un ṣe!" ni gbogbo ìlà gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ sí i. "Tún un ṣe! Tún un ṣe!"

Ó tún un ṣe. Àgékù náà wà níbẹ̀, ó lẹ̀ pẹ́típẹ́tí mọ́ gìgísẹ̀ bàtà, tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú ìdajì òbírí pupa.

"Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀," ni Bùọ̀dá wí.

"Ẹ ò mọ̀, ẹ wá ń dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀," ni Ìyá Òǹtẹ̀ wí. "Ẹ bọ́ bàtà."

Ọmọbìnrin náà kò fi àkókò ṣòfò lórí ìbínú. Ó fi abẹ yọ àgékù náà kúrò lára bàtà láìya á. Ó fa ìgò gọ́ọ̀mù kékeré àti ewé ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yọ nínú báàgì, ó tẹ́ wọn sórí káńtà. Ó mú etí kan pàdé èkejì, ìlà pupa bá ìlà pupa, lẹ́tà bá lẹ́tà, ó fi ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà dì í lẹ́yìn. Ìyá Òǹtẹ̀ na ọrùn wò ó.

"Mo fẹ́ nǹkan tó wúwo, mà. Kí ó tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ìyá Òǹtẹ̀ gbé ìwé àkọsílẹ̀ ńlá méjì jáde. Ọmọbìnrin náà ki ewé sáàárín wọn, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó mirí. "Kò wúwo tó."

Ìyá Òǹtẹ̀ wo Bùọ̀dá láti òkè dé ilẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ó gbé àga kan jáde láti ẹ̀yìn káńtà, ó sì to ìwé méjèèjì lé e lórí. "Ọ̀gá, ẹ jókòó."

"Èmi?"

"Àbí ta ló ba òǹtẹ̀ ìjọba jẹ́ pẹ̀lú bàtà?"

Bùọ̀dá jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú bàtà, ìkejì wà ní ìhòòhò, ó sì ń wo òrùlé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ó fẹ́ gbé ìdí díẹ̀. "Ẹ má mira!" ni àbúrò rẹ̀ wí, ó sì ṣe bí wọ́n ti wí. Láàárín àkókò yẹn, àwọn tó wà lórí ìlà ń ṣa àgékù padà sínú tìmùtìmù, nítorí ọmọbìnrin náà ti ní òun kò ní fi ẹyọ kan sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ìṣẹ́jú márùn-ún pé, Ìyá Òǹtẹ̀ gbé ewé náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó fi ìka rìn lórí òbírí pupa náà, ó tún un rìn, kò bá ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́.

"Òǹtẹ̀ yìí pé," ló wí. "Ẹ fọwọ́ síbí. Orúkọ yín, kí ẹ kọ 'aṣojú' sí abẹ́ rẹ̀."

Ó fọwọ́ sí i. Òǹtẹ̀ búlúù bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, gbàǹ gbàǹ, lórí ewé mẹ́fà tó jẹ́ fọ́ọ̀mù gan-an, káńtà sì ń mì. Ìyá Òǹtẹ̀ ya ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù fún un. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjì.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, ewé kọ̀ọ̀kan o."

"Mo gbọ́, mà."

Ó rán ẹnu tìmùtìmù náà ní kókó mẹ́rin péré, ó tì í sábẹ́ Bàbá, ó fa súwẹ́tà rẹ̀ yọ, ó wọ̀ ọ́. Fóònù Bùọ̀dá dún. Onírin àlòkù ni. Ó ti gbé ọkọ̀ ńlá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ máa lọ," ni Bùọ̀dá ń wí, ojú rẹ̀ kọ ògiri. "Rárá, kò sí irin níbẹ̀… Mo mọ̀ pé mo ní kí ẹ wá. Ẹ̀rọ àbúrò mi ni… Kí n fún yín ní kí ni? Owó epo ọkọ̀ wo?"

Oògùn Bàbá ti aago mẹ́rin ààbọ̀ wà nílé. Ọmọbìnrin náà kò dúró gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ owó epo yóò já sí. Ó yí àga onítáyà sí ẹnu ọ̀nà, onígbàjámọ̀ di ilẹ̀kùn mú fún un, ó sì ti Bàbá jáde sí ojú títì.